Àyè Òfìfo Lápá Òsì

Kílò méje àti ààbọ̀.
Mo gbé ìgbànú Marjukka sórí òṣùwọ̀n
tí bàbá mi fi ń wọn awọ láyé ọjọ́un,
mo ka ohun tó so mọ́ ọn bí ẹni ń ka gbèsè:
ìbọn, kóńdó, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ méjì,
agolo ata, tọ́ọ̀ṣì, rédíò,
okùn tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró,
àti súìtì mẹ́ta tí kò sí nínú ìwé ìjọba.

Ó ká ẹ̀wù sókè, ó ní kí n wo ìbàdí òun.
Ìgbànú ti kọ ọ́ nílà,
ilà tí kì í ṣe ti ìdílé kankan.
"Ọdún mọ́kànlá," ó ní.
"Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà mi mọ́."

Bàbá mi a máa rán gàárì
fún ẹṣin tó ń fa gẹdú nínú igbó ẹ̀yìn Oulu.
Ó ní ẹrù kọ́ ní í kán ẹṣin lẹ́yìn,
ibi tí ẹrù jókòó sí ni.
Nítorí náà mo kó ẹrù kúrò ní ìbàdí,
mo pín in fún èjìká àti ìhà.
Ẹ̀wù ayẹta tí wọ́n fún un, ọkùnrin ni wọ́n wò rán an,
ọkùnrin gbọọrọ, pẹlẹbẹ bí pákó;
ọmú Marjukka kò ríbi gbà nínú rẹ̀.
Mo tú u. Mo tún un gé. Mo tún un tú.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún.
Mo wá ìdè tí ìka inú ìbọ̀wọ́ lè mọ̀
nínú òtútù tó ń mú itọ́ dì kó tó kanlẹ̀.

Kámẹ́rà láàárín àyà, àwọn ọ̀gá ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.
Rédíò lápá òsì.
Ó ku kí wọ́n buwọ́ lù ú.

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kejì mo bá a jáde,
mo jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré,
mò ń ka iye ìgbà tó wọlé, iye ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀.
Wọ́n pè wá sí ilé kan ní Tuira.
Fèrèsé ti fọ́. Àgbà méjì ń bú ara wọn.
Ọmọ ọdún mẹ́ta kan dúró lórí àtẹ̀gùn,
bàtà lẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì lásán.
Marjukka gbé e.
Ọmọ náà gbórí lé e láyà, bí ọmọ gbogbo ti í ṣe,
gbà!
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan etí kámẹ́rà.
Ó yí orí sí òsì: rédíò.
Kò ké. Àìké yẹn ló dùn mí jù.
Ó kàn na ọrùn ṣanṣan,
ó ń bá ara rẹ̀ gbé orí ara rẹ̀
títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ kí ilẹ̀ tó mọ́.
Kámẹ́rà lọ sí èjìká ọ̀tún, rédíò lọ sí ìhà.
Mo fi apá òsì sílẹ̀ gbalasa,
aṣọ rírọ̀, ó fẹ̀ tó ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé.

Ọ̀gbẹ́ni Ylitalo, ẹni tó ń rajà fún wọn, fìka tọ́ ọ.
"Kí ló ń bọ̀ síbí?"
Mo ní kò sí nǹkan.
"Ṣé ẹ gbàgbé ni?"
Mo ní rárá.
Ó ní bátìrì kejì ì bá wọ ibẹ̀ dáadáa.
A fà á títí kọfí wa fi tutù,
ó wá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀:
àyè òfìfo, ìdí rẹ̀ kò yé wa.
Mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Marjukka wọ àkọ́kọ́,
ó bẹ̀rẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀, ó tú u, ó tún un so.
Ó fọwọ́ pa òsì àyà rẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.
Ó ní, "Súìtì mi ńkọ́?"
Mo fi àpò kékeré hàn án nínú ìtẹ́lẹ̀ ẹ̀wù,
níbi tí ojú Ylitalo kò dé.