Ohun Tí Mo Họ Kúrò Lára Pátákó

Bàbá Adúnọlá, jókòó.
Ṣọ́ra fún bẹ́ǹṣì yẹn, fáníṣì ara rẹ̀ kò tíì gbẹ.
O ní ọmọ rẹ tú rédíò ìyá rẹ̀ palẹ̀ lánàá,
o ní o nà án,
o wá ń bi mí pé kí ni kí o ṣe sí i.

Gbọ́ tèmi ná.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Láfẹ́nwá,
tí mo kan ṣọ́ọ̀bù yìí mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú irin,
mo ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó:
ṢÓBÁNDÉ ÀTI ÀWỌN ỌMỌKÙNRIN.
A Ń WÉ KỌ́ÌLÌ MỌ́TÒ, PỌ́ŃBÙ, JẸNẸRÉTỌ̀.
N kò tíì láya nígbà náà.
Ìrètí ni mo fi ọ̀dà kọ.

Ayé fún mi ní Mojírádé, ó sì panu mọ́.

Mo kó ọmọ ọlọ́mọ jọ.
Wáídì kọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́jọ, ó lọ gun ọ̀kadà.
Lékè gbé mítà mi lọ sí Ṣàgámù,
òun àti mítà kò padà.
Mojírádé ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́nu ọ̀nà,
ojú rẹ̀ wà ní títì,
etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pọ́ńbù ilé ìwòsàn kan wà lórí itan mi,
mo ń wé waya bàbà, mo ń kà á lábẹ́ ahọ́n,
mọ́kànlélógójì, méjìlélógójì,
ọkọ̀ ojú irin fun fèrè kọjá,
ilẹ̀ mì, ó gbé ońkà mi lọ.
Mo dúró bí ẹni tó gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀.
Ohùn kan dún láti ìdí kúlà:
“Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, Bàámi.
Ẹ sì ti fo ọ̀kan, ní ihò kẹta.”
Inú bí mi. Mo tú u, kí n lè fi hàn án pé irọ́ ló ń pa.
Kì í ṣe irọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ,
t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.
Ogún ọdún ni mo fi rántí apá pẹpẹ nìkan.
Ìgbà tí mo rí ìka ọmọ mi nínú ihò irin tóóró,
tó ń tẹ waya sílẹ̀ bí ẹni ń dirun fún ọmọ tó ń sùn,
ni mo tó mọ̀ pé akèrègbè ni mọ́tò.

Wọ́n sọ̀rọ̀. Ìwọ náà sọ̀rọ̀, má purọ́.
O ní ta ni yóò fẹ́ obìnrin tí èékánná rẹ̀ dúdú?
Ìyá mi rẹ aró ní Ìtòkú títí ó fi kú,
apá rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́,
ọkùnrin mẹ́ta ló sì jà lé e lórí.
Ahọ́n ló fi ń tọ́ omi eérú wò,
bóyá ó ti mú tó, bóyá ó kù díẹ̀.
Kò sẹ́ni tó pè é ní sáyẹ́ǹsì.
Wọ́n ní iṣẹ́ obìnrin ni.

Mojírádé ń lọ sí Polí ní Òjéré báyìí, nírọ̀lẹ́-nírọ̀lẹ́.
Ó ń gbé ìwé bọ̀ tó kún fún àmì,
ó ń ṣàlàyé ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ tí ẹnu mi kò lè sọ.
Nígbà mìíràn kì í yé mi. Mo kàn ń mi orí ni.
Ó ti jó mọ́tò méjì rí.
Èmi jó mọ́kànlá kí n tó mọ̀ ọ́n.

Wo pátákó yẹn bí o bá ń jáde.
Mo gun àkàbà ní Sátidé,
mo fi sáńpépà họ KÙNRIN kúrò.
ÀWỌN ỌMỌ ló kù.
Owó ọ̀dà tuntun kò tíì sí,
bí oòrùn bá là, o ṣì máa rí òjìji lẹ́tà mẹ́fà náà.
Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Adúnọlá ńkọ́?
Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ.
Kó wọ ṣòkòtò, kó má fi ẹ̀gbà ọrùn wá.
Kó kó rédíò náà dání bó ṣe wà,
gbogbo ẹ̀, nínú ọ̀rá.
A fẹ́ wo ibi tó bá a dé.