Ilà Ara Ìbọn

Aṣọ òfì tó ti gbó ni wọ́n fi wé e,
okùn ọ̀rá lọ́rùn, okùn ọ̀rá nídìí,
lókè àjà ilé Bàbá Ṣàjùyìgbé ní Ìjọ̀kà.
Ìwé ilẹ̀ là ń wá. Ìbọn la rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká tà á fáwọn ọdẹ.
Ọdẹ kan gbé e wò, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Ta ló fẹ́ gbé odó tẹ̀lé ọ̀yà wọ igbó?"

Mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Fàdùgbà alágbẹ̀dẹ
lẹ́yìn ilé epo Ìsọ̀kùn,
ẹni tó ti fi ìbọn sílẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe.
Ó kọ́kọ́ yẹ inú rẹ̀ wò bóyá ọta wà níbẹ̀. Kò sí.
Ó bu kẹrosíìnì sí àkísà,
ó ń nu irin náà pẹ̀lẹ́
bí ẹni ń nu ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná.

Ìpẹtà ṣí. Ilà jáde.

Adé kékeré kan,
ọfà kan lábẹ́ rẹ̀ tó kọjú sókè,
ọdún kan: 1917.
"Ìbọn ọmọ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì nìyí," ni mo wí,
mo ti rò pé ọ̀rọ̀ parí.
Fàdùgbà pòṣé.
"Orúkọ àbísọ rẹ̀ lo kà yẹn.
O ò tíì ka ibi tó gbà kọjá."

Nọ́ńbà irin tí a fi ń tì í lẹ́yìn
kò bá ti ọ̀pá rẹ̀ mu;
ẹnì kan ti fi fáìlì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́,
ó tẹ òmíràn lé e, ó wọ́ díẹ̀ sápá òsì.
Ọ̀pá náà nípọn ju ti ogun lọ.
Ojú tí a fi ń wọ̀nà lórí rẹ̀ ní ìlà wẹ́wẹ́ bíi rúlà télọ̀,
èèyàn lè fi ìwọ̀n irun orí kan yí i sókè, yí i sódò.
"Wọ́n tún un rọ ni.
Kì í ṣe torí ẹran, kì í ṣe torí èèyàn.
Bébà ni wọ́n ń yìn ín sí."

Bébà!
Bàbá wa, Òṣómàáló,
tó lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
láti ìyálẹ̀ta títí ilẹ̀ fi ṣú
nítorí ṣílè méjì,
òun ló ń ra ọta láti fi lu bébà níhò?

Mo rántí òyìnbó awakùsà wúrà kan
tí ìyá àgbà máa ń dárúkọ nígbà tínú bá ń bí i,
tó ra aṣọ láwìn, tó wọkọ̀ ojú omi.
N kò sọ ọ́ síta.

Ó ku igi ìdí rẹ̀. Fàdùgbà fi èékánná họ ọ́,
ó gbóòórùn rẹ̀, ó dákẹ́.
"Apá nìyí. Apá igbó wa.
Ti òyìnbó ti kán, ẹnì kan fi tiwa rọ́pò."
Ó yí i padà. Níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ayìnbọn máa ń sùn lé,
gígé mẹ́ta, kúkurú, lóòró,
bíi pélé ojú ọmọ.

"Ta ló ni òǹtẹ̀ yẹn?"
Kò dáhùn. Ó wọlé,
ó mú òòlù bàbá rẹ̀ jáde, èèkù rẹ̀ ń dán:
gígé mẹ́ta, kúkurú, lóòró.

Mo ti ń mú ọpẹ́ bọ̀ lẹ́nu
nígbà tó tún na ìwé àkọsílẹ̀ kan sí mi, ikán ti jẹ ẹ́ létí:
*Ṣàjùyìgbé, Ìjọ̀kà. Igi ìbọn. Pọ́n-ùn kan. Kò tíì san.*

Mo ní kó fa àpótí, kó jókòó, ká sọ ọ́.
Ó ní rárá.
Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún,
ó lóṣòó síwájú mi.