Ojú Ìwé Tó Ya

Ní Kúbwà ni mo ti kọ ìtàn-àròsọ mẹ́ta,
lóru, lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba, lábẹ́ iná àbẹ́là.
Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà. Ikán ti ka èkíní tán.
Èyí tó tà ni ti bí a ṣe ń sin ẹja àrọ̀:
òun ló kan páànù sórí ilé,
òun ló rán Ìbídùn lọ sí yunifásítì.

Lánàá, ní ibùdókọ̀ Gwàgwàládà,
ọmọ Kàbbà kan tó ń ta kúlíkúlì fà mí láṣọ:
“Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn ìwé yìí.
Ojú ìwé tó kẹ́yìn ti ya.
Ṣé ìyàwó náà padà sílé?”

Mo ti gbàgbé.
Mo jókòó sórí táyà, mo ní, “Jẹ́ kí n rò ó.”
Ọkọ̀ mi kún, ó lọ.