Ohun Tí Ògbufọ̀ Kò Sọ

Ajíbóyè, ṣí àṣíborí rẹ, jókòó díẹ̀.
Alùpùpù tí a ti paná rẹ̀ kì í sá lọ.
Wọ́n ní o ti ń gbé èrò láti Kétu dé Ìlárá.
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà yẹn ní àwọn tó ń dúró sí i.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe ògbufọ̀
láàárín èdè ìyá mi àti Faransé àwọn ọlọ́pàá.
Owó rẹ̀ kò kọ́ ju yàrá méjì yìí lọ,
ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì, bí a bá tò ó,
yóò ga ju Àkàbà Ìdẹ́nà.

Jẹ́ kí n sọ ti Ẹdúnjọbí fún ọ, àgbẹ̀ Ìlìkìmù.
Àpò kaṣú mẹ́rin ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.
Ó ní, "Mo gba ẹ̀bá oko yẹn kọjá, n kò wọ inú rẹ̀."
Bírígédíà ń kọ ọ́, bírò rẹ̀ ń dún bí eku nínú àká.
Nígbà tí mo wo ìwé náà,
"mo kọjá" ti di "mo wọ oko".
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kò tó hóró àgbàdo.

Ọkùnrin náà gbé àtàǹpàkò sókè, tàdáwà ti wà lórí rẹ̀,
ó wò mí bí ẹni tó ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè:
"Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?"
Mo wo àjà.
Aláǹgbá kan wà níbẹ̀, ó ń mi orí.
Aláǹgbá ló bá mi dá a lóhùn.
Ó tẹ̀ ẹ́.

Oṣù mẹ́wàá ló lò lẹ́wọ̀n.
Ó ṣì ń kí mi lọ́jọ́ ọjà, ó ń béèrè àwọn ọmọ.
Ìkíni yẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Nítorí náà, gbọ́. N kò ní kí o bú ọlọ́pàá,
ebi ń pa òun náà lábẹ́ òòrùn.
Kí i. Jẹ́ kó rí ọwọ́ rẹ méjèèjì. Fi ìwé alùpùpù hàn án.
Bí ó bá ní kí o tẹ̀ lé òun, wí pé,
"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"
Ìbéèrè kì í ṣe ìjà.
Òfin ní kí wọ́n sọ ọ́ fún ọ, ní èdè tí o gbọ́.
Ní kí wọ́n pe ìyá rẹ. Há nọ́ńbà rẹ̀ sórí,
torí fóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà.
Bí ara bá ń dùn ọ́, béèrè dókítà;
béèrè agbẹjọ́rò, kí àpò rẹ tilẹ̀ gbẹ.

Wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Kà á bí o ṣe ń ka owó èrò.
Bó bá pé, àfi kí wọ́n mú ọ dé iwájú adájọ́
kí òun tó lè ní kí wọ́n fi kún un.
Àkàbà Ìdẹ́nà tí àwọn baba wa fi ń dí ogun lọ́nà
ní wákàtí tí wọ́n ń ṣí i,
áńbọ̀sìbọ́sí ilẹ̀kùn komisaríà.

"Bí wọ́n bá gbá mi létí ńkọ́, bàbá?"

Ọmọ mi. Òfin kì í ṣe àṣíborí,
kò ní bá ọ gba ìgbájú.
Ṣùgbọ́n wo orúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀,
wo aago ara ògiri, wo ẹni tó ń kọjá lójú fèrèsé.
Ohun tí o bá rántí ni o lè rò lọ́la.

Èyí tó kù ni mo tìtorí rẹ̀ pè ọ́.
Ìwé tí wọn kò kà fún ọ ní Yorùbá,
má fọwọ́ kàn án, má ṣe tẹ̀ ẹ́.
Bí o bá ní o kọjá, tí ìwé ní o wọlé, ní "rárá".
Bí ògbufọ̀ tó jókòó níbẹ̀ bá wá gbójú sókè,
tó ń wo àjà,
fi bàtà gbá a lójúgun lábẹ́ tábìlì.

Gbá a dáadáa.