Asẹ́ Ògì

Asẹ́ tí ìyá mi fi ń sẹ́ ògì
ni mo jí gbé ní ìdájí ọjọ́ Sátidé,
mo fi aṣọ bò ó bí ẹni jí adìyẹ.
Múníbátù ló ń ṣáájú, akẹ́kọ̀ọ́ mi tí kì í dákẹ́,
ó gbé ike funfun méjì àti ìwé kan tí òjò ti pa rí.
A sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Balógun.
Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe: á ga, á tún rẹ̀ sílẹ̀,
á máa ti ẹsẹ̀ ẹni lọ sí ọ̀nà ọ̀sà.

Aláró ni wọ́n ń pe odò náà.
Bàbá mi àgbà ní kò sí aláró kan tó rẹ aṣọ níbẹ̀ rí,
ojú ọ̀run ló ń wọnú omi
tí omi fi ń dà bí ẹ̀lú.
Ní báyìí ó ti rí aró:
ọ́ìlì dúdú láti ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì lókè,
omi ọṣẹ láti ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò,
àti ohun kan tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́
tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́wọ́ pé tòun ni.

Mo ki asẹ́ bọ ẹrẹ̀.
"Tíṣà, tanwíjí lásán ni ẹ máa bá níbẹ̀."
Mo ní kó dúró.
Omi ro tán,
ohun pupa kan sì ká ara rẹ̀ bí òwú ìránṣọ,
ó tú u, ó tún un ká.

Ìdin ni. Pupa rẹ̀ kì í ṣe oge.
Ẹ̀jẹ̀ ni, ó jọ èyí tó wà lára tèmi tìrẹ,
tó ń há afẹ́fẹ́ mọ́wọ́ bí ahun ṣe ń há owó
níbi tí afẹ́fẹ́ ti ṣọ̀wọ́n.
Ó fi itọ́ lẹ ẹrẹ̀ pọ̀, ó fi kọ́ ilé tóóró,
ó ń mi ara nínú rẹ̀ kí omi lè máa kọjá.

Èkejì gùn ní ìrù. Ìrù náà, imú ni.
Ẹnu ń jẹ ìdọ̀tí nísàlẹ̀,
imú wà lókè lọ́hùn-ún,
bí ẹni yọ orí lójú fèrèsé nítorí ilé kún fún èéfín.
Ẹ̀kẹta, dúdú, ó le bí èkùrọ́:
ó wá sókè, ó gba èémí kan ṣoṣo, ó fi sábẹ́ ìyẹ́,
ó gbé e wọ ìsàlẹ̀ omi
bí èrò ọ̀nà jíjìn tó di gààrí dání.

"Wọ́n mà gbọ́n o!" Múníbátù ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.
"Àwọn wọ̀nyí ò lè kú láé."

Mo fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n àwọn tí kò sí ni mo ń kà.
Kòkòrò onírù mẹ́ta tó máa ń lẹ̀ mọ́ ikùn òkúta,
tí mo ń fi ìka tú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ:
mo yí òkúta mọ́kànlá, ọ̀rá dúdú ni mo bá.
Ẹlẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń rìn lójú omi bí ẹni rìn lórí ẹní:
ọṣẹ ti já awọ ojú odò,
ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó rì.
Lámilámi kan fò wá, ó fi ìrù kan omi,
ó yára gbé e sókè
bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù wò,
ó bá tirẹ̀ lọ.

Bí pupa bá pọ̀ nínú asẹ́, odò ń ṣàìsàn.
Ìyẹn ni mo ní kó kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Nílé, mo fọ asẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Ìyá mi gbé e sí imú. Kò bú mi.
"Aláró?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní omi ibẹ̀ lòun fi rẹ àgbàdo
lọ́dún tí wọ́n bí mi.
Ó fi asẹ́ kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilé.

Nígbà tí Sátidé mìíràn pé,
Múníbátù kò tíì kan ilẹ̀kùn tán
tí ìyá mi ti na asẹ́ náà sí i.