Máàpù Tó Rẹ

Òrùlé kíláàsì wa jò ní Mọ́kọ́lá,
òjò fa odò tuntun gba àárín Sàhárà
lórí máàpù tí Tísà Fálànà kàn mọ́ ògiri.
“Ẹ fojú fo ìyẹn. Kò sí nínú ìdánwò.”

Pàṣán rẹ̀ ń fò: Náílì, Kóńgò, Kílímáńjárò.
À ń pè é tẹ̀ lé e, à ń yán.

Ramátù dìde láti ẹ̀yìn,
ó fìka kan ibi tí bébà ti wú:
“Ìyá ìyá mi ń bẹ níbí.
Iyanrìn ni wọ́n fi ń ṣàlùwàlá bí kànga bá gbẹ.”

Ibi tí ìwé wa pè ní òfìfo!
Tísà sọ ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ mo gba Sábó relé,
mo bi baba tó ń rán bàtà:
“Níbo lẹ wà lórí máàpù?”
Ó fi abẹ́rẹ́ tọ́ka sílẹ̀,
sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.