Agbẹ̀bí Ẹja

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí ní Gwagwalada.
Ọwọ́ mi yìí ló gba ọmọ Gbagyi, ọmọ Ebira,
ọmọ tí wọ́n bí sínú táásì lẹ́nu géètì wa.
Nígbà tí ìjọba ní kí n máa lọ sílé,
mo gbẹ́ kòtò ẹja mẹ́ta sẹ́yìnkùlé ní Dobi.
Mi ò mọ̀ pé ìrọbí ni mo tún ń padà lọ bá.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọyẹ́ ti ń la ètè.
Shekwolo fi táwẹ́ẹ̀lì tútù di abo àrọ̀ mú,
ó bo ojú rẹ̀, kí ó lè farabalẹ̀.
Mo fi àtàńpàkò tẹ ikùn rẹ̀ díẹ̀: ẹyin mẹ́ta yọ,
wọ́n jókòó sórí èékánná mi bí ọkà bàbà.
"Ó ti tó," ni mo wí, bí mo ṣe máa ń wí ní wọ́ọ̀dù.
Mo gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, níbi tí ẹran ti ki,
mo kọ ọ́ sára ògiri: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje.

Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wákàtí mẹ́wàá.
Bí omi bá tutù, ìwọ àti sùúrù ni.
Ẹja kì í ké. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí.
Obìnrin á pe ìyá rẹ̀, á bú ọkọ rẹ̀, á gé aṣọ ìbora jẹ;
èyí kàn dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ báàfù,
ó ń ju irùngbọ̀n rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.
Iná lọ láago kan. Jẹnẹrétọ̀ kú láago mẹ́ta.
Shekwolo ń fi korobá bu omi sókè, ó ń dà á padà,
kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nípa ti akọ, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀.
Abo, o lè fún ẹyin rẹ̀ jáde, kí o dá a padà sómi láàyè.
Akọ kì í jọ̀wọ́ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ni à ń là.
Nílé ìwòsàn, àwọn ọkọ á dúró sí kọ́rídọ̀,
wọ́n á máa ka owó, wọ́n á máa fọwọ́ pa iwájú;
kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi ẹ̀mí san án.
Mo yan èyí tó máa ń kọ́kọ́ yọjú bí mo bá gbé oúnjẹ dé.
Shekwolo sọ gbólóhùn kan ní èdè Gbagyi kó tó gbé ọ̀bẹ.
Mi ò bi í.

Lẹ́yìn náà, kíákíá. Ọwọ́ gbígbẹ, abọ́ gbígbẹ:
ẹ̀kán omi kan ṣoṣo, ẹyin á ti ìlẹ̀kùn.
Mo ń fún ikùn rẹ̀, ẹyin ń ṣàn bí ògì bàbà,
bóyá ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n,
èmi tí mo bá gba ìbejì, gbogbo wọ́ọ̀dù á gbọ́!
Ìyẹ́ adìyẹ ni mo fi rò ó pọ̀ mọ́ àtọ̀,
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Lálẹ́, orí bàbá wọn wà nínú ìkòkò,
pẹ̀lú ata rodo àti efinrin.
Mo bù ú. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn.

Ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó yọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì.
Ẹyin tó funfun ti kú. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àwọ̀n,
ìpéǹpéjú! ìpéǹpéjú àìmọye tí ń gbọ̀n,
ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ikùn.
Kò síbi ọmọ láti rì, kò sórúkọ láti sọ.
Kó tó pé oṣù kan, èyí tó bá sáré dàgbà
á máa gbé àbúrò rẹ̀ mì láti ìrù,
èmi á sì máa ṣà wọ́n, ńlá sọ́tọ̀, wẹ́wẹ́ sọ́tọ̀.

Ìyá wọn wà nínú báàfù kejì, ikùn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn.
Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ kú ewu ọmọ."
Shekwolo gbé orí sókè:
"Sísítà, ta lẹ ń kí?"